Ọdún Tí Ilé Wa Ní Sẹ́ńtìrì

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo mọ̀ kí n tó mọ ìwé kà rárá, ọ̀rọ̀ náà sì ni sẹ́ńtìrì. Àbúrò bàbá mi tó ń jẹ́ Àjàní ló mú un bọ̀ láti ojú ogun Jámánì, bó ṣe mú fìlà pupa kan bọ̀, àti ṣòkòtò kákí tí orúnkún rẹ̀ ti já, àti agolo ìmumi kan, àti aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn méjì tí àwọn sójà fi ń wé ojúgun. Kò pẹ́ tí ṣòkòtò náà fi di àkísà. Àwa ọmọdé fi fìlà náà ṣeré títí tó fi ya. Ìyá mi mú ọ̀kan nínú aṣọ ojúgun náà, ó fi so ewúrẹ́ mọ́ òpó. Agolo náà lu. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni kò gbó. Ó wọ ilé wa, ó jókòó, ó ń bá wa jẹun, àfi bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n gbé bí i.

Ìdí àpáta ni ilé wa wà ní Ṣakí. Àpáta tí mo ń wí kò ga. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní lẹ́yìn ilé, ó sì gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo agbo ilé fi ń sá iṣu èlùbọ́ wọn sórí rẹ̀ láìjà. Bí ọyẹ́ bá ti dé, iṣẹ́ ilé wa kò ju ẹyọ kan lọ. Bàbá mi àti àwọn ọkùnrin yòókù á ru iṣu wá láti oko lọ́nà Ogbooro, àwọn obìnrin á bẹ ẹ́, wọ́n á bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, wọ́n á fi ewé bò ó di ọjọ́ kejì, lẹ́yìn náà ni a ó kó o lọ sórí àpáta kí oòrùn àti afẹ́fẹ́ lè mú un. Ohun tí mo fi ń jí láàárọ̀ nígbà náà ni ìró ọ̀bẹ lára iṣu, àti ìró ìgbálẹ̀ Ìyá Àgbà, ìyẹn ìyá bàbá mi, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kí òun kí òun tó gbálẹ̀ tán, nítorí ó ní ẹni tí kò tíì gbálẹ̀ kò tíì jí. Bí iṣu bá ti wà lórí àpáta, gbogbo rẹ̀ á funfun láti etí kan dé ìkejì. Ewúrẹ́ ilé, àgùntàn aládùúgbò, adìyẹ, ẹyẹlé, gbogbo wọn ló mọ ọ̀nà ibẹ̀. Iṣẹ́ àwa ọmọdé ni láti lé wọn, a kì í sì í ṣe é dáadáa. A máa ń ta ayò lábẹ́ igi òrí tó wà létí àpáta, a ó gbàgbé ara wa, ewúrẹ́ á sì jẹ tirẹ̀.

Àjàní ló tún iṣẹ́ náà tò. Ó wò wá lọ́jọ́ kan, kò bá wa wí, kò na ẹnikẹ́ni. Ó fà mí lọ́wọ́ lọ síbi òkúta kan tó yọrí sókè láàárín àpáta, ó gbé mi lé e, ó fi ọ̀pá lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Àbẹ̀kẹ́, ìwọ ni sẹ́ńtìrì.” Mo bi í pé kí ni sẹ́ńtìrì ń ṣe. Ó ní, “Kì í ṣe nǹkan kan. Kì í jókòó, kì í sùn, kì í ta ayò, kì í jẹun títí ẹlòmíràn á fi wá gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ohunkóhun bá ń bọ̀, á bi í pé, ‘Ta ló ń bọ̀?’ Bí onítọ̀hún bá dáhùn pé, ‘Ọ̀rẹ́,’ á jẹ́ kó kọjá. Bí kò bá dáhùn, kò gbọdọ̀ kọjá.” Mo ní, “Ewúrẹ́ ń kọ́?” Ó rò ó díẹ̀. “Ewúrẹ́ kò lè dáhùn,” ló wí, “nítorí náà kò lè kọjá.” Láti ọjọ́ náà ni a ti ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wa lórí òkúta yẹn, ọmọdé kan kì í sì í gun àpáta kí èkejì má bi í pé ta ló ń bọ̀. A fẹ́ràn rẹ̀ ju ayò lọ.

Ìyá Àgbà kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Bí gbogbo wa bá jókòó nírọ̀lẹ́ tí a ń jẹ ọkà pẹ̀lú ọbẹ̀ ìlasa, òun àti Àjàní a máa fà á. “A ní olùṣọ́,” Ìyá Àgbà á wí, “a ní oníbodè. Kí lẹ tún ń wá ọ̀rọ̀ lọ sí ẹ̀yìn odò fún?” Àjàní á ní, “Ìyá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé olùṣọ́ máa ń sùn. Oníbodè ń gba owó lọ́wọ́ èrò. Sẹ́ńtìrì kì í sùn, kì í sì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.” Ìyá Àgbà bi í pé, “Kí ló wá ń rí jẹ níbẹ̀?” Àjàní ní, “Ìyà.” A rẹ́rìn-ín títí bàbá mi fi ní kí a dákẹ́. Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. “Ẹrú ni wọ́n fi ọ́ ṣe, ọmọ mi,” ló wí, “wọ́n wá fún ẹrú lórúkọ tuntun.” Àjàní mi orí, ó bu òkèlè.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í gbọ́ pé wọn kò fẹ́ òun. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, ó ti wọ ibi gbogbo nínú ilé. Ẹran tí a bá fi pamọ́ fún ẹni tó wà lórí àpáta nígbà tí àwọn yòókù ń jẹun di ẹran sẹ́ńtìrì, àwọn ọmọ sì ń jà sí i pé àwọn ni àwọn fẹ́ wà lórí àpáta lásìkò oúnjẹ. Ẹni tí wọ́n bá ní kó jókòó ti ìkòkò ọbẹ̀ nítorí ológbò ń ṣe sẹ́ńtìrì ìkòkò. Ìyàwó tó bá ń yọjú sọ́nà ṣáá nítorí ọkọ rẹ̀ kò tètè ti oko dé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ní ó ń ṣe sẹ́ńtìrì ọkọ. Bí wọ́n bá sì ń ṣiṣẹ́ tí ẹnì kan dúró tí kò fọwọ́ kan nǹkan, wọ́n á ní, “Kí lo dúró ṣe bíi sẹ́ńtìrì?” Ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń yinni, òun náà la fi ń búni, kò sì sí ẹni tó ṣì í gbọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ké láti ẹ̀yìnkùlé pé, “Ta ni sẹ́ńtìrì tó jẹ́ kí adìyẹ wọ inú àgbàdo mi?” Kò sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ láti rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dàgbà tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Ìbàdàn, mo wá ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní ọmọ ogun tó dúró láti ṣọ́ ibì kan ni. Ó tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò sí ewúrẹ́ níbẹ̀, kò sí ọbẹ̀, kò sì sí ìyá mi.

Ìyá mi ló sọ ọ̀rọ̀ náà di orúkọ ènìyàn. Obìnrin kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ lọ́dọ̀ wa. Ìbáà jẹ́ ọmọ tó ń rákò lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ìyàwó wọlé, ọkọ rẹ̀ ni, ó sì gbọ́dọ̀ fún un ní orúkọ mìíràn tí á máa pè é. Ìyá mi mọ orúkọ í sọ. Adúmáadán ló ń pe Àjàní kó tó lọ sógun, nítorí ara rẹ̀ dúdú ó sì ń dán. Nígbà tó dé, tó ti gbẹ, tí ara náà kò dán mọ́, ìyá mi wò ó bó ṣe ń rìn yí àpáta ká, ó ní, “Ọkọ mi Sẹ́ńtìrì, ẹ kú ìṣọ́.” Àjàní rẹ́rìn-ín sí i, èyí tí kì í sábà ṣe. Láti ìgbà náà, orúkọ tí gbogbo ìyàwó ilé ń pè é nìyẹn.

Nígbà tí ọyẹ́ mìíràn dé, ìyá mi àti àwọn obìnrin àdúgbò ru èlùbọ́ lọ tà ní Ìsẹ́yìn, bí wọ́n ti máa ń ṣe, láti ra aṣọ àti iyọ̀ bọ̀. Ìrìn ọjọ́ púpọ̀ ni. Nígbà tí wọ́n lọ, oyún Àṣàkẹ́, ìyàwó Àjàní, ti wọ oṣù rẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ará Kòmu tó ń kọjá wá sọ fún wa pé àìsàn kan ti dé láti ọ̀nà ìsàlẹ̀, ikọ́ ni, ibà ni, pé ẹni tó ru igi bọ̀ láàárọ̀ lè má lè gbé orí sókè nírọ̀lẹ́, pé ní Ìsẹ́yìn ilé tí wọn kò ti sìnkú kò wọ́pọ̀. Ìyá Àgbà ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é lórúkọ. Bàbá mi, tó jẹ́ olórí ilé wa, pe Àjàní síta, ó bi í bóyá ó rí irú rẹ̀ rí. Mo wà nítòsí, mo ń fọ abọ́. Àjàní ní, “Mo rí i ní àgọ́ ogun. Wọ́n kó àwọn tí ara wọn kò yá sí apá kan, wọ́n fi sẹ́ńtìrì sáàárín. Àgọ́ tó ní sẹ́ńtìrì, a kú níwọ̀nba. Àgọ́ tí kò ní, a kò bá ẹni tó máa sin òkú níbẹ̀.” Bàbá mi pe àwọn àgbà ilé jọ, wọ́n sì fẹnu kò pé àlejò kankan kò gbọdọ̀ wọlé, pé ẹnikẹ́ni tó bá ti ibi àìsàn náà dé á kọ́kọ́ gbé inú ahéré tó wà ní òdìkejì àpáta títí oṣù tuntun á fi yọ. Ó rọrùn láti gbà, nítorí àlejò ni gbogbo wa ń rò. Àjàní mú ọ̀pá kan, ó lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà agbo ilé. Obìnrin Fúlàní tó ń kiri wàrà gbé igbá rẹ̀ sílẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó sún sẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín wa. Àṣàkẹ́ bí ọmọkùnrin ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an.

Ọ̀sán ni ìyá mi dé. Mo wà lórí òkúta mi, mo sì rí ẹrù kí n tó rí ẹni tó rù ú. Mo mọ ìrìn rẹ̀. Mo sọ ọ̀pá nù, mo sáré gba ẹ̀yìnkùlé wá sí ẹnu ọ̀nà. Ó yẹ kí n sọ ohun kan níbí fún ẹni tí kò bá gbé irú ayé wa. Nílé wa, ẹni tó bá ru ẹrù láti ọ̀nà jíjìn kì í fúnra rẹ̀ sọ̀ ọ́. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá rí i ni á dìde, á sọ̀ ọ́, ìbáà jẹ́ pé wọ́n ń bá ara wọn jà. Ìyá Àgbà máa ń wí pé ẹni tó dé tí kò rí ẹni sọ̀ ọ́, ilé onílé ló dé sí.

“Ọkọ mi Sẹ́ńtìrì, ẹ kú ilé o!” ìyá mi kí i láti ọ̀ọ́kán. “Ẹ sọ̀ mí, ọrùn mi ti fẹ́ẹ̀ kán.”

Àjàní na ọ̀pá rẹ̀ dábùú ẹnu ọ̀nà. “Ìyàwó, kú àbọ̀. Dúró síbẹ̀ ná.”

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. “Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀! Ó yá, ẹ bi mí kí n dáhùn. Ẹ ní, ‘Ta ló ń bọ̀?’”

Kò bi í. Èyí yà mí lẹ́nu ju ọ̀pá lọ, nítorí n kò rí i kó gbàgbé rí. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó sì ní, “Bí mo bá bi í, á ní ọ̀rẹ́ ni òun. Bó bá ti wí bẹ́ẹ̀, kí ni mo fẹ́ ṣe?” Ohun tó bi ìyá mi lọ́jọ́ náà ni pé ọ̀dọ̀ ta ló dé sí ní Ìsẹ́yìn. Ìyá mi ní ọ̀dọ̀ ìyá aláró tí òun máa ń dé sí náà ni. Àjàní ní, “Ara rẹ̀ ń kọ́?” Ẹ̀rín kúrò lójú ìyá mi. “Ó ti kú,” ló wí. “Èmi ni mo wẹ òkú rẹ̀.”

Àwọn ènìyàn ti ń jáde. Bàbá mi dé, ó rí ìyàwó rẹ̀ tó dúró nínú oòrùn tòun ti ẹrù. “Àjàní, yà lọ́nà,” ló wí, “ìyàwó mi ni.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ fi mí síbí. Bí ẹ bá ní kí n kúrò, mo ti kúrò. Àmọ́ ẹ ro ti Ìyá wa tó ń wúkọ́ láti èṣín.”

“Ẹ má fi Ìyá bojú,” ìyá mi wí. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. “Tiyín lẹ̀ ń ṣọ́. Àbí Àṣàkẹ́ kò tíì bí ni?”

“Ó ti bí.”

“Ọkùnrin ni, àbí obìnrin?”

“Ọkùnrin.”

“Ẹ kú ewu. Ẹ bá mi kí i.”

“Òótọ́ lo sọ,” Àjàní wí. “Ọmọ mi wà lára àwọn tí mo ń ṣọ́. Àbẹ̀kẹ́ yìí náà wà lára wọn.” Ibi tó ti dárúkọ mi ni mo ti fẹ́ gba abẹ́ ọ̀pá kọjá. Ó mú mi lápá, kò fi ipá mú mi, ṣùgbọ́n n kò lè kọjá.

Ìyá Àgbà ló parí rẹ̀. Ó jáde wá, ó di òpó ilẹ̀kùn mú. Ó ní, “Ìyàwó mi, bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Omi kún ojú mi, ṣùgbọ́n mo ń rí ọmọ ọwọ́ níwájú mi. Lọ sí ahéré. Èmi fúnra mi ni màá máa se oúnjẹ rẹ.” Ìyá mi wo bàbá mi. Bàbá mi wo ilẹ̀. Ìyá mi kúnlẹ̀ tòun ti ẹrù lórí, ó kí Ìyá Àgbà bó ṣe yẹ kí ìyàwó tó ti àjò dé kí ìyá ọkọ rẹ̀, ó dìde, ó yí padà. Ó gba ẹ̀gbẹ́ àpáta lọ. Mo sáré padà sórí òkúta mi, láti ibẹ̀ ni mo ti rí i tó dé ẹnu ahéré, tó ń tẹ orúnkún díẹ̀díẹ̀, tó ń rọra da orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti sọ ẹrù náà fúnra rẹ̀. Ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe já lulẹ̀ láti òdìkejì àpáta.

Bẹ́ẹ̀ ni iṣu èlùbọ́ ṣe di ààlà láàárín wa. Àjàní ní kí n máa wà níbi òkúta, kí ìyá mi máa wà lápá ọ̀hún, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba àárín iṣu kọjá. Ìyá mi ń lé ewúrẹ́ lápá tirẹ̀, èmi ń lé e lápá tèmi. Orí òkúta pẹlẹbẹ kan ni a máa ń gbé oúnjẹ sí, a ó sún sẹ́yìn, á wá gbé e. “Àbẹ̀kẹ́, ṣé wọ́n dirun fún ọ?” ó bi mí lọ́jọ́ kan. Mo ní Ìyá Àgbà ló dì í. “Yí padà kí n wò ó.” Mo yí padà. “Ó wọ́,” ló wí. Nǹkan bẹ́ẹ̀ ni à ń sọ. Àjàní nìkan ni ìyá mi kì í bá sọ̀rọ̀. Bó bá gbé oúnjẹ wá, ewúrẹ́ ni ìyá mi máa ń wò. Kò pè é ní Sẹ́ńtìrì mọ́, kò pè é ní Adúmáadán, kò pè é ní ohunkóhun. Ní ti àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ti Ìsẹ́yìn bọ̀, wọ́n sọ̀ wọ́n lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, wọ́n fún wọn lómi mu, wọ́n wọlé. Kò pẹ́ tí a fi ń gbọ́ ẹkún láti àwọn ilé náà, ọ̀kan lónìí, òmíràn lọ́la. Etí ìyá mi kò di.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ìsọmọlórúkọ, mo rí ewúrẹ́ kan lápá ìyá mi tó ń jẹ iṣu ní fàlàlà, tí kò sẹ́ni tó lé e. Mo ké, “Ìyá mi! Ewúrẹ́ o!” Kò dáhùn. Mo tún ké. Mo wá ké pe Àjàní. Ó dé, ó wo ahéré, ó wo ewúrẹ́, ó sì yé e. Kò sáré kọjá. Ó ránṣẹ́ pe bàbá mi, nígbà tí bàbá mi dé ó na ọ̀pá sí i. “Ẹ gbà á. A kì í fi ibi tí à ń ṣọ́ sílẹ̀ lófo.”

“Èmi ló yẹ kí n lọ,” bàbá mi wí.

“Ẹ̀yin lẹ ni gbogbo ilé. Èmi ni mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.” Ó ní kí n lọ tú aṣọ ojúgun òun lọ́rùn ewúrẹ́ wá. Nígbà tí mo mú un dé, Àṣàkẹ́ ti jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó gbé ọmọ mọ́ra.

“Bàbá ọmọ, níbo lẹ̀ ń lọ? Ọ̀la la fẹ́ sọmọ lórúkọ!”

Àjàní ń wé aṣọ náà mọ́ imú àti ẹnu rẹ̀. “Èmi ni mo ní kó dúró síta,” ló wí láti inú aṣọ. “N kò lè ní kó dá wà níbẹ̀.” Òórùn ewúrẹ́ pọ̀ lára aṣọ náà tó bẹ́ẹ̀ tó fi sín lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì fẹ́ di nǹkan mìíràn lẹ́nu rẹ̀, ó bá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àjàní rọra ń fi ẹsẹ̀ wá àyè láàárín iṣu, kò tẹ ọ̀kankan mọ́lẹ̀, títí ó fi dé ahéré. A kò rí i mọ́ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, nígbà tó jáde wá bèèrè ẹ̀kọ gbígbóná àti omi sí i.

Ìyá Àgbà ní a kì í sún ìsọmọlórúkọ síwájú. Bí baba kò bá lè wá bá ọmọ, ọmọ á lọ bá baba. Nítorí náà orí àpáta ni a ti sọ ọmọ yẹn lórúkọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nínú ọyẹ́, pẹ̀lú oyin àti iyọ̀ àti omi àti obì. Àjàní dúró lápá ọ̀hún, ó ń kígbe pé kí á dúró níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, kí á má ṣe dúró níbi tó ń lọ. Ìyá Àgbà fi oyin tọ́ ọmọ lẹ́nu, ó ní, “Àjàní, pe ọmọ rẹ!” Àjàní ké pè é ní Oyèwálé, a sì dá a lóhùn. Bàbá mi sọ orúkọ tirẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé ń ti ara wọn pé kí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà ni a gbọ́ ohùn kan tó ti ha láti ẹnu ahéré. Ìyá mi ni. Ó fara ti ògiri, ó fi aṣọ bora dé àgbọ̀n.

“Èmi náà ní orúkọ tí mo fẹ́ sọ ọ́,” ló wí. “Ẹ máa pè é ní Ilésanmí.”

Ẹni tó ń sùn síta, tí ilé rẹ̀ wà lójú rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ló sọ ọmọ ní Ilésanmí. Àwọn ìyàwó wo ilẹ̀. Àṣàkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. N kò mọ̀ nígbà náà bóyá ìyá mi ń wúre ni, tàbí ó ń sọ òkò ọ̀rọ̀ sí ilé wa. Mo ti dàgbà ju ìyá mi ọjọ́ yẹn lọ báyìí, n kò sì lè búra sí èyíkéyìí. Àjàní yí ojú sí i, ó fa aṣọ kúrò ní ẹnu rẹ̀, ó ní, “Àṣẹ.” Ìyá Àgbà ní, “Ilésanmí ni á máa jẹ́.” Òun náà ló sì ń jẹ́ títí di òní. Olùkọ́ ni ní Ìgbẹ́tì, ó ti lọ́mọ, àwọn tó sì rántí pé ó tún ń jẹ́ Oyèwálé kò pọ̀ mọ́.

Ara ìyá mi ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Àjàní náà wúkọ́, ó gbóná, ṣùgbọ́n kò dùbúlẹ̀ pẹ́. Nígbà tí oṣù tuntun yọ, gbogbo ilé rí i, kò sì sẹ́ni tó pariwo bí a ti máa ń ṣe. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà gba ọ̀pá lọ́wọ́ bàbá mi, ó ní àánú ti pọ̀ lójú rẹ̀ jù. Ó gbé àpótí ìjókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó jókòó, ó gbé ọ̀pá lé itan. Àwọn méjèèjì ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ àpáta, Àjàní níwájú, ìyá mi lẹ́yìn. Ó ti rù, àmọ́ òun ló ru ẹrù rẹ̀. Àjàní sọ fún mi lẹ́yìn ìgbà náà pé òun bẹ̀ ẹ́ kó gbé e fún òun, kò gbà.

Ìyá Àgbà gbé orí sókè. “Ta ló ń bọ̀?”

“Ọ̀rẹ́,” Àjàní wí. Ìyá Àgbà mi orí, Àjàní wọlé, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú àgbàlá. Ìyá mi wá dúró níwájú Ìyá Àgbà. A ń retí ohun tó máa wí.

“Ìyàwó yín ni.”

Ìyá Àgbà gbé ọ̀pá náà sílẹ̀. Ó ní, “Wọlé.” Bàbá mi ti na ọwọ́ méjèèjì láti sọ̀ ọ́, àwọn obìnrin náà ti sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìyá mi gba àárín wọn kọjá, kò yára, kò fa ẹsẹ̀, títí ó fi dé iwájú Àjàní.

“Ọkọ mi Sẹ́ńtìrì,” ló wí, “ẹ sọ̀ mí.”

Àjàní fi ọwọ́ méjèèjì di ẹrù náà mú. Mo ń retí ìró tí mo gbọ́ lọ́jọ́ tó já lulẹ̀ lẹ́nu ahéré. N kò gbọ́ nǹkan kan. Ó rọra gbé e kalẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí adìyẹ tó ń jẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kò fi sá.